Ball python tí kò jẹun, tí imú rẹ̀ ń dún, tó ń sùn nínú abọ́ omi: èwo ni ìwà ejò, èwo ni àìsàn?

ỌmọEjòTuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ejò ọ̀sìn. Akọ ball python ni mo ní, kò tíì pé ọdún méjì. Gíráàmù 690 ló wọ̀n nígbà tó wọlé, ó ti di 662 báyìí. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti dé, kò sì fẹnu kan nǹkan kan. Eku inú fírísà ni mo ń yọ́ fún un, nǹkan bíi gíráàmù 95. Bó bá ti kọ̀ ọ́, mo tún máa ń gbé òmíràn wá lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ṣe ló máa ń yí orí kúrò.

Ìkejì, imú rẹ̀ máa ń dún fín-ín bíi pé ó ń súfèé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìkẹta, ó máa ń ká sínú abọ́ omi látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àgò rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, 90 × 45 × 45 sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀n ló bo òkè. Heat mat (ẹní oníná tó ń mú ilẹ̀ àgò móoru) wà lábẹ́ apá kan, mo kàn ki í bọ iná ni, kò sí nǹkan mìíràn tó ń darí rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri àgò ń sọ 29 °C lápá tó móoru, 26 °C lápá kejì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ 45%. Bébà ìnuwọ́ ni mo tẹ́ sílẹ̀. Ibùba kan ló ní, àárín ló wà.

Ó tún máa ń yán, ó máa ń fi imú ti gíláàsì kiri lóru, bí mo bá sì gbé e, á ká jọ bí bọ́ọ̀lù. Èwo nínú gbogbo èyí ni kí n fi sílẹ̀, èwo ni kí n sáré sí?

---

Aláàgò:

Àgò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kẹ́ ẹ tó tọ́jú ejò. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe àìjẹun ló bà mí lẹ́rù jù, heat mat tó wọ iná láìsí thermostat (ẹ̀rọ tó ń pa iná bí ooru bá ti tó) ni. Òṣùwọ̀n ara ògiri, ooru ibi tó lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń kà. Gíláàsì tí ikùn ejò sùn lé lè ti kọjá 40 °C kí òṣùwọ̀n yẹn ṣì máa pe 29. Ejò kì í sì í tètè dìde lórí ohun tó ń jó o. Ó lè sùn lé e títí ìpẹ́ abẹ́ ikùn rẹ̀ á fi pọ́n, á roro, á sì bó.

Ẹ wá òṣùwọ̀n oní-wáyà, ẹ gbé orí wáyà náà lé gíláàsì gan-an, níbi tí heat mat wà. Tó bá kọjá 34, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná lónìí, kẹ́ ẹ mú kí yàrá náà móoru tó 27 tàbí 28 títí ẹ ó fi rí thermostat. Bẹ́ ẹ bá rí i, àárín mat àti gíláàsì ni kẹ́ ẹ fi orí wáyà tirẹ̀ há, níta àgò. Ẹ má fi téèpù lẹ nǹkan kan sínú àgò láéláé. Téèpù tó bá ṣí á lẹ̀ mọ́ ejò, á sì fa ìpẹ́ rẹ̀ ya. Bí ejò bá sì wọ́ orí wáyà kúrò nípò rẹ̀, thermostat á rò pé òtútù dé, á máa dá iná sí i láìdúró.

Ohun tẹ́ ẹ ń lé ni 31 sí 33 °C lórí ilẹ̀ ibùba tó móoru, 25 sí 27 lápá tó tutù, kó má sì lọ sísàlẹ̀ 24 lóru. Kí mat má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àgò lọ, kí ejò lè rí ibi sá sí. Ìwọ̀n 29 kò ní pa á, àmọ́ ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Ibi tó sùn sí ló ti ń gbà á. Oúnjẹ tó wọ ikùn tí kò gbóná tó á rà dípò kó dà, ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ nínú wọn fi ń kọ oúnjẹ bí ooru bá ti lọ sílẹ̀.

Ibùba gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí wọ́n jọra, ọ̀kan lápá ooru, ọ̀kan lápá tútù. Pẹ̀lú ẹyọ kan tó wà láàárín, ejò yín ní láti yàn bóyá kó móoru tàbí kó farapamọ́, ìfarapamọ́ ni ball python sì máa ń yàn. Kó há díẹ̀: bó bá ká jọ sínú rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ògiri. Ibùba tó tóbi bí yàrá kò fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ọ̀rinrin 45% ti kéré, àwọ̀n òkè yẹn ló ń gbé e lọ. Ẹ bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ kó bébà kúrò, kẹ́ ẹ tẹ́ èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kẹ́ ẹ máa da omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè rin nísàlẹ̀, kí òkè gbẹ. 60 sí 70% ló dáa. Fífín omi sójú nìkan ló ń jẹ́ kí ikùn ejò máa sùn lé ohun tútù, ibẹ̀ ni ìpẹ́ ti ń jẹrà. Ẹ yẹra fún èérún igi cedar àti ti pine, òórùn òróró inú wọn ń pa ẹ̀dọ̀fóró ejò lára.

---

Eku-Inú-Fírísà:

Mo fara mọ́ ohun tí Aláàgò sọ, n ó kàn mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Gíráàmù 28 ló ti dín lára 690, ìyẹn nǹkan bíi 4%. Kò tíì di ọ̀rọ̀. Bó bá tó 10%, ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko nìyẹn, bó ti wù kó máa rìn dáadáa tó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, nínú ike kan náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú kò ṣeé gbára lé: ejò lè rù fún oṣù méjì kí ojú ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ tó mọ̀. Àmì ti rírù ni kí ọ̀pá ẹ̀yìn yọ ṣóńṣó, kí ara rí bí onígun mẹ́ta, kí awọ ẹ̀gbẹ́ sì máa hunjọ. Akọ tó ti dàgbà lè gbààwẹ̀ oṣù mélòó kan láìrù lásìkò tí akọ ń gun abo, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pa yín láyà. Ọmọ ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, tí kò tíì jẹun rí, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀, òun kò ní ohun tó fi pamọ́ sára.

Eku gíráàmù 95 ti pọ̀ jù fún un. Ẹ fún un ní 50 sí 70, kó má sanra ju ibi tó sanra jù lára ejò náà lọ. Gbígbé eku wá lọ́jọ́ kejì-kejì sì ń ba nǹkan jẹ́ ni: ejò tí ẹ ń yọ lẹ́nu kì í jẹun, ńṣe ló ń ṣọ́ra. Ẹ tún àgò ṣe, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10 láìgbé e, láìfi oúnjẹ lọ̀ ọ́, omi nìkan ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Kẹ́ ẹ tó wá gbìyànjú.

Bí a ṣe ń yọ́ eku: ẹ gbé e láti fírísà sínú fíríìjì lálẹ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kẹ́ ẹ rì í sínú omi tó gbóná tó 40 °C títí orí rẹ̀ á fi tó 37 sí 39. Ẹ fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, kó má sí yìnyín nínú. Ẹ má lo máíkírówéèfù, ó ń sè é láti inú, ó sì ń bẹ́. Ihò kéékèèké wà ní ètè ball python tó fi ń mọ ibi tí ooru wà. Eku tó tutù bí yàrá kò jọ ẹran lójú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú gígùn nà án síwájú ibùba, kẹ́ ẹ mì í díẹ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ pa iná. Bó bá di àárọ̀ tó ṣì wà, ẹ jù ú nù, ẹ má dá a padà sí fírísà.

Bó bá jẹun, ẹ má gbé e fún wákàtí 48. Bó bá jẹ ẹ́ tó sì bì í, ẹ má tún fún un ní nǹkan títí ọjọ́ 14 á fi pé. Eku tó jẹ́ ìdajì ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi kíkan inú ikùn tó bá a jáde ti bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó nílò àkókò. Bó bá bì lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa níbí mọ́.

Ẹ má sì ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ sọ ọ́.

---

OníṣègùnẸranko:

Ọ̀rọ̀ imú tó ń dún ni n ó sọ̀rọ̀ lé, òun ló lè má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: báwo ni ojú àti awọ rẹ̀ ṣe rí? Bí ejò bá fẹ́ bọ́ awọ, awọ àtijọ́ máa ń tú díẹ̀díẹ̀ ní ihò imú, ihò á dín, afẹ́fẹ́ á sì máa fọn bó ṣe ń kọjá. Irú ìró bẹ́ẹ̀ máa ń bá awọ lọ. Bó bá ti bọ́ awọ tán tí ìró sì ṣì ń bẹ, tàbí tí kò tilẹ̀ sí àmì pé ó fẹ́ bọ́ awọ, ẹ kà á sí àrùn ẹ̀dọ̀fóró títí a ó fi rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jókòó tì í níbi tó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó wà ní ìsinmi, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e. Ẹnu ejò tó sinmi máa ń pa dé. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni: ẹnu tó ṣí díẹ̀ láti mí, ìfófòó ní ihò imú tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, itọ́ tó ń fà, ìró tó dà bíi pé omi ń hó nínú ọ̀fun, àti orí tó ń gbé sókè fún ìgbà pípẹ́ kó lè rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ wo gíláàsì pẹ̀lú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti gbẹ máa ń wà níbi tó ń fi imú gbá. Ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí tó láti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹnu tó ṣí láìpadé, ọjọ́ yẹn gan-an ni.

Ìdí tá a fi ń kánjú ni pé ejò kò ní iṣan tó pààlà àyà àti ikùn tí àwa fi ń wúkọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í rọrùn fún un láti ta jáde, ṣe ló máa jókòó síbẹ̀. Ẹ má fún un ní àǹtíbáyọ́tíìkì ti èèyàn. Bakitéríà lè jẹ́ èyí tí oògùn yẹn kò ràn, ó sì lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, tí àǹtíbáyọ́tíìkì kò ní ṣe nǹkan fún. Dókítà á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì lè ya x-ray. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé ni ooru: 32 sí 33 lápá kan, 27 lápá kejì, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ lóru rárá. Òtútù ń dín agbára ara ejò láti bá àrùn jà.

---

ỌmọEjòTuntun:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Gíláàsì lórí mat jẹ́ 38! Mo ti yọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti di aláwọ̀ búlúù bíi pé èéfín bò ó, awọ rẹ̀ ṣú, abẹ́ ikùn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò sí ìfófòó, ẹnu pa dé, bó bá ń rìn nìkan ni imú ń dún. Àmọ́ mo rí nǹkan dúdú kéékèèké nísàlẹ̀ abọ́ omi. Ìdọ̀tí ni mo pè é.

---

OníṣègùnẸranko:

Ojú búlúù àti ikùn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú káàkiri bá bíbọ́ awọ mu. Èyí tó pọ́n lójú kan tó sì ní roro ni iná jó. Mat tó wà ní 38, ẹ wò ó dáadáa. Ìró imú, ẹ fi sílẹ̀ títí awọ á fi bọ́. Nǹkan dúdú yẹn ni kẹ́ ẹ wò lálẹ́ òní.

---

Ìpẹ́Dídán:

Ẹ da omi yẹn sórí bébà funfun, kẹ́ ẹ wò ó pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ìyàngbò kì í rìn. Bí àwọn kan bá ń rìn, tàbí tẹ́ ẹ bá fi èékánná tẹ ọ̀kan tó sì yọ ẹ̀jẹ̀, mite ni, kòkòrò amùjẹ̀ tí kò tó mílímítà kan. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ funfun tó tutù nu ejò náà láti ọrùn dé ìrù, jẹ́jẹ́. Etí ojú àti ìlà abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n máa ń sá sí jù.

Ejò máa ń wẹ̀ fún ìdí mẹ́ta: ooru ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù, tàbí ó fẹ́ rì kòkòrò. Tiyín lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Pé ó wọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá kó tó bọ́ awọ, kò burú. Gbogbo ọjọ́ ni kò dáa.

Bó bá jẹ́ mite lóòótọ́, ẹ dá ìmọ̀ràn èèpo àgbọn dúró fúngbà díẹ̀ (kí Aláàgò má bínú). Ara ejò kọ́ ni wọ́n ń yé sí, inú kọ̀rọ̀ àti etí àgò ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wẹ ejò nìkan fi ń tún rí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ ju gbogbo igi àti ohun títẹ́ nù nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì pa. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àgò, kẹ́ ẹ ha gbogbo igun, kẹ́ ẹ nu ún gbẹ. Bébà funfun ni kẹ́ ẹ tẹ́, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́wọ́ dókítà ni kẹ́ ẹ ti gba oògùn, nítorí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ṣe fún ajá lè pa ejò. Ẹ má dẹ́kun títí oṣù kan ó kéré tán, kódà bẹ́ ẹ kò bá rí ọ̀kan mọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ejò mìíràn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, aláìsàn ló kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ àti apá dé ìgbọ̀nwọ́.

---

Aláàgò:

N kò bínú. Pẹ̀lú bébà, ọ̀rinrin á lọ sílẹ̀ nígbà tó nílò rẹ̀ jù, nítorí náà ẹ fún un ní àpótí ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ gé ihò kan tó lè gbà á, kẹ́ ẹ fi bébà ìnuwọ́ tútù tẹ́ inú rẹ̀. Kó rin, kó má kán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ti ilẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù tẹ́ ẹ béèrè: kíká jọ bí bọ́ọ̀lù ni ball python fi ń gbèjà ara rẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Kó jókòó sínú ibùba látàárọ̀ dalẹ́, ìwà rẹ̀ nìyẹn. Kó máa rìn lóru, ìwà rẹ̀ náà ni. Àmọ́ bí imú bá ti ń bó nítorí gíláàsì, nǹkan kan ń lé e: ooru, àìsí ibùba, tàbí kòkòrò. Yíyán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń to egungun àgbọ̀n rẹ̀ padà ni. Yíyán léraléra láìjẹun, ẹ wo inú ẹnu fún ibi tó pọ́n tàbí ọyún tó dì bíi wàràkàṣì. Bó bá jẹ́ apá tútù nìkan ló ń gbé, apá ooru ti gbóná jù. Ohun funfun líle tó ń bá ìgbẹ́ jáde, ìtọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá ń jẹ́ aláwọ̀ ewé lemọ́lemọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Èyí táwọn èèyàn máa ń ṣì mú ni orí gbígbé sókè. Ejò tó ń wo àyíká á gbé orí, á yọ ahọ́n, á sì tún gbé e sílẹ̀. Èyí tó yí orí sẹ́yìn tó ń wo àjà láìmọ ibi tó wà, ọpọlọ tàbí iṣan rẹ̀ ló ní ìṣòro. Ẹ rọra dojú rẹ̀ dé lórí ọwọ́ yín: ejò tó yá á yí ara rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ball python aláwọ̀ àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní spider máa ń gbọn orí láti inú ìbí wọn, ìyẹn kì í ṣe àrùn tó ń ran.

---

ỌmọEjòTuntun:

Wọ́n ń rìn o. Mite ni. Ṣé kí n rì í sómi lálẹ́ yìí?

---

OníṣègùnẸranko:

Rárá. Ojú rẹ̀ ṣì búlúù, kò ríran dáadáa, gbígbé e á kó jìnnìjìnnì bá a. Ẹ fọ àgò, ẹ tẹ́ bébà, ẹ fi àpótí oní-bébà tútù tí Aláàgò sọ síbẹ̀. Ojú á tún mọ́ kó tó bọ́ awọ, bíbọ́ á sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ na awọ tó bọ́ náà, kẹ́ ẹ wo ibi ojú méjèèjì àti ṣóńṣó ìrù. Bí awọ àtijọ́ tó bo ojú bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ẹ má fi nǹkan yọ ọ́, dókítà ni kó wò ó. Èyí tó bá ṣẹ́kù sídìí ìrù máa ń fún ẹ̀jẹ̀ pa, ìrù á sì gbẹ. Bẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ fi omi ìwọ̀n 29 °C tó mọ sí ìdajì ara rẹ̀ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba àárín aṣọ tútù kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ gba oògùn kòkòrò. Àpò aṣọ tẹ́ ẹ so ẹnu rẹ̀, nínú àpótí tó ní ihò, kí inú rẹ̀ wà láàárín 26 sí 30, kí ike omi gbígbóná má sì kan ejò tààrà. Ẹ mú ìgbẹ́ tuntun dání bó bá ṣe é, àti ìwé ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ẹnu bá ṣí tàbí tí ìfófòó yọ kó tó bọ́ awọ, ẹ má dúró de awọ.